Ìkìlọ̀ Kí Ẹ̀jẹ̀ Tó Dì: Ohun Tí Ẹgbẹ́ Wa Lè Ṣe Fún Ẹni Tó Wà Lórí Bẹ́ẹ̀dì Ilé Ìwòsàn

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìlera ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá, ní Ìlá Ọ̀ràngún

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún wa, àwọn onílù sì ti ń wo aago, nítorí náà ẹ jẹ́ ká bọ́ sójú ọ̀rọ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ní kí ìgbìmọ̀ wa wá sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ yín rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà la máa tún sọ. A ti sọ ìyẹn, a ṣì máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó ń pa èèyàn nínú ilé ìwòsàn gan-an, níbi tí a gbé wọn lọ kí wọ́n lè yè, a kì í sì í gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń báni kẹ́dùn. Ẹ̀jẹ̀ dídì ni.

Ẹ jẹ́ ká ya méjì sọ́tọ̀ ná. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni pé ẹ̀jẹ̀ ń fi agbára tó pọ̀ jù ti ara iṣan. Ẹ̀jẹ̀ dídì ni pé ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ki, ó sì di ìṣù nínú iṣan tó yẹ kó máa ṣàn kọjá. Ẹni tó bá ti dúmbú àgbò rí ní ọjọ́ Iléyá ti fojú rí i: ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú abọ́, bí a bá fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á dì bí ẹ̀dọ̀. Ọlọ́run dá a bẹ́ẹ̀ fún ire wa, torí bí kì í bá dì, ọgbẹ́ kékeré tí àdá dá sí wa lára lóko ì bá gba ẹ̀mí wa. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá dì níbi tí kò sí ọgbẹ́ tó fẹ́ dí.

Dókítà ará Jámánì kan wà tí ń jẹ́ Rudolf Virchow. Òun ló là á yé àwọn oníṣègùn bí ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ẹsẹ̀ ṣe lè já, kó bá iṣan gòkè, kó sì lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1821 ni wọ́n bí i, ọjọ́ náà ni wọ́n sì ń lò láti ọdún 2014 káàkiri ayé láti la àwọn èèyàn lóye nípa àìsàn yìí. Ohun mẹ́ta ló sábà ń fà á: kí ẹ̀jẹ̀ má rìn dáadáa, kí iṣan fara pa, kí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ti múra àtidì. Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ó dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rìn. Wọ́n ti gé e, wọ́n ti rán an. Ara rẹ̀ sì ń sáré láti dá ẹ̀jẹ̀ ọgbẹ́ náà dúró. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé sára ẹnì kan ṣoṣo, lórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo.

Kì í ṣe ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún nìkan. Aboyún àti ìyá ọmọ tuntun wà nínú rẹ̀, àgàgà èyí tí wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí fún. Ẹni tó ní àrùn jẹjẹrẹ wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde wà nínú rẹ̀. Ẹni tó já lórí ọ̀pẹ tí itan rẹ̀ ṣẹ́, àgbàlagbà tó yọ̀ ṣubú ní bálùwẹ̀ tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, ẹni tí ọ̀kadà gbá, ẹni tí ibà tàbí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan: gbogbo wọn ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tó mú un le ni pé kì í fi gbogbo ìgbà fara hàn. Nígbà míì ẹsẹ̀ kan á wú ju èkejì lọ, á gbóná, ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ á máa dunni. Nígbà míì kò sí àmì kankan. Ẹni náà ń ṣe dáadáa, ọgbẹ́ ń jiná, àwọn ẹbí ti ń ṣírò owó tí wọ́n máa san kí wọ́n tó mú un lọ sílé. Ó dìde láti lọ wẹ̀, ó ní èémí òun kò délẹ̀ mọ́, ó ṣubú.

A mọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn a pàdánù ojúgbà wa kan. A ò ní dárúkọ rẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ mọ ẹni tí à ń wí, ìyàwó rẹ̀ sì ti fún wa láyè ká sọ ọ́. Itan rẹ̀ ló ṣẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn kan lẹ́yìn odi ìlú yìí, iṣẹ́ abẹ náà sì yọrí sí rere. Ní ọjọ́ kọkànlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọ̀gì àti àkàrà lọ fún un láàárọ̀, àwọn méjèèjì jọ ń ṣàwàdà. Kí agogo mẹ́wàá tó lù, ó ti kú. Kò sí ẹni tó yẹ òkú rẹ̀ wò, nítorí náà a ò lè búra. Ṣùgbọ́n gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ ló bá ti ẹ̀jẹ̀ dídì mu, nọ́ọ̀sì méjì tó wà nínú ìgbìmọ̀ yìí sì ti rí irú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ayé ló ṣe é. Wọ́n ní ẹni tí ara rẹ̀ ti yá kì í kàn kú bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹni tó fún un ní oúnjẹ kẹ́yìn. Títí di òní, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbé ọ̀gì lọ kì í wọ agbo ilé yẹn mọ́, àwọn ọmọ kò sì mọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn mọ́. A ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ìṣù ẹ̀jẹ̀ tí kò tó ìka ọwọ́ lè pa ẹnì kan, kó sì tún tú ilé ká lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2006, àwọn dókítà ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn gbé àbájáde àyẹ̀wò òkú jáde. Wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ tó dì lára òkú àwọn èèyàn tiwa, wọ́n sì kọ ọ́ sí orí ìwé náà pé ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí à ń kọminú sí. Ohun tó mú ká rò pé kò sí láàárín wa ni pé a kì í fẹ́ kí wọ́n yẹ òkú wa wò. A ń sáré sin ín, àṣà àti ẹ̀sìn wa sì ní ìdí wọn. A ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí a sin kí a tó mọ̀ ọ́n, a ò lè kà á.

Báwo ni a ṣe ń dènà rẹ̀? Èyí ló máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù, torí kò ṣòro. Kí aláìsàn tètè dìde rìn, bí dókítà bá ti gbà á láyè. Kí ó máa mi ẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ó máa mu omi tó. Ìbọ̀sẹ̀ kan wà tó máa ń fún ẹsẹ̀ pinpin, wọ́n ń lò ó fún àwọn kan. Èyí tó lágbára jù ni abẹ́rẹ́. Ọdún 1916 ni wọ́n kọ́kọ́ rí oògùn heparin ní yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà. Ìran rẹ̀ tí wọ́n ń lò jù lónìí ni enoxaparin, abẹ́rẹ́ kékeré tí wọ́n ń gún sí abẹ́ awọ ikùn, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ rí i pé ayé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá oògùn àìsàn yìí. Ìrántí ló ṣọ̀wọ́n. Dókítà kan ń wo wọ́ọ̀dù mẹ́ta, wọ́n ń pè é sí yàrá ìgbẹ̀bí, ọmọ kan ń gbọ̀n jìnnìjìnnì ní ẹnu ọ̀nà, iná lọ. Ohun tó ń kígbe ló máa dá lóhùn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dì ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í kígbe.

Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi rò pé kí nǹkan mìíràn bá a kígbe. Ní ilé ìwòsàn Brigham and Women's ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà kan tí Nils Kucher àti Samuel Goldhaber wà lára wọn wò ó pé kọ̀ǹpútà ti mọ ọjọ́ orí aláìsàn, ó mọ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un, ó mọ oògùn tó ń lò. Kí ló wá dé tó fi ń dákẹ́? Wọ́n kọ́ ọ ní ìṣirò kan. Àrùn jẹjẹrẹ gba máàkì 3. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dì báyìí rí gba 3. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tó yá àtidì jẹ́ àbímọ́ fún gba 3. Iṣẹ́ abẹ ńlá gba 2. Ẹni tó ti lé ní ọdún 70 gba 1, ẹni tó sanra jù gba 1, ẹni tí kò gbọdọ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì gba 1, obìnrin tó ń lo oògùn họ́mọ̀nù gba 1. Bí máàkì bá pé 4, tí kò sì sí àkọsílẹ̀ pé wọ́n ti fún aláìsàn náà ní nǹkan kan láti fi dènà ẹ̀jẹ̀ dídì, kọ̀ǹpútà á gbé ìkìlọ̀ síwájú dókítà rẹ̀. Dókítà gbọ́dọ̀ dáhùn pé òun rí i, kó wá kọ oògùn, tàbí kó pinnu pé òun kò ní kọ.

Ẹ bá wa ṣírò ti ìyá ẹni ọdún 75 tó ṣubú ní bálùwẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ìbàdí, 2. Ọjọ́ orí, 1. Kò lè dìde, 1. Ó pé 4. Kò nílò ìwé ńlá. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ro ó.

Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2005. Aláìsàn 2,506 ni wọ́n tẹ̀ lé, gbogbo wọn ló ní máàkì 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà kìlọ̀ lórí 1,255 nínú wọn, ó dákẹ́ lórí 1,251 yòókù. Láàárín 90 ọjọ́, ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹsẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró fún 103 nínú àwọn tó dákẹ́ lé lórí. Nínú àwọn tó kìlọ̀ lé lórí, 61 ni. Ewu náà fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù, láìsí oògùn tuntun, láìsí dókítà tuntun. Ìkìlọ̀ lásán ni.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan wà nínú ìwé yẹn tí àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà kì í kà sókè. Nínú àwọn tí kọ̀ǹpútà kìlọ̀ lé lórí, ìdá 33.5 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni dókítà ṣe nǹkan kan fún. Òótọ́ ni pé ó ju ìdá 14.5 ti àwọn tí kọ̀ǹpútà dákẹ́ lé lórí lọ. Síbẹ̀, nínú aláìsàn mẹ́ta tí ẹ̀rọ náà pariwo lé lórí, nǹkan bíi méjì ni dókítà wo ìkìlọ̀ wọn, tó sì kọjá lọ. Nígbà míì ìdí rẹ̀ dára, torí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ náà. Nígbà míì ó kàn sú dókítà ni. Ẹ wo wọ́sáàpù ẹgbẹ́ wa. Ní oṣù àkọ́kọ́, bó bá ti dún la ń sáré wò ó. Nísinsìnyí tí àdúrà àárọ̀, fídíò àti ìkéde ìpàdé ti dàpọ̀, àwọn kan ti pa ohùn rẹ̀. A mọ̀ yín. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà nílé ìwòsàn mọ àrùn yẹn dáadáa: ìkìlọ̀ tó bá pọ̀ jù á di ariwo ọjà.

Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí èyí, wọ́n sì gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2005, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin wọn sọ pé ẹ̀jẹ̀ dídì tó ń bá èèyàn nílé ìwòsàn ń pa nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n (25,000) èèyàn lọ́dọọdún. Láti ọdún 2010, wọ́n ní kí ilé ìwòsàn máa ṣírò ewu yìí fún gbogbo àgbàlagbà tó bá gba bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe ẹni tó bá wu dókítà. Wọ́n wá so owó mọ́ ọn: ilé ìwòsàn tí kò bá ṣe é fún ó kéré tán ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbà máa ń pàdánù owó kan nígbà náà. A ti mọ bí owó ṣe ń la etí èèyàn. King's College Hospital ní Denmark Hill, tí kò jìnnà sí Peckham tí àwọn èèyàn wa kún fọ́fọ́, wà lára àwọn tó ṣíwájú nínú iṣẹ́ yìí, Dókítà Roopen Arya ló sì darí rẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 2013 wọ́n fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ dídì tó ń bá èèyàn nípasẹ̀ ilé ìwòsàn ti dínkù lọ́dọ̀ wọn. Ojúgbà wa obìnrin kan tó wà nínú ìgbìmọ̀ yìí, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní London, sọ fún wa pé níbi tí òun ti ń ṣiṣẹ́, bí dókítà kò bá tíì dáhùn ìbéèrè ẹ̀jẹ̀ dídì, kọ̀ǹpútà kì í jẹ́ kó ráyè kọ oògùn mìíràn. Ó ní àwọn dókítà ń kùn sí i lójoojúmọ́, wọ́n sì ń ṣe é lójoojúmọ́.

Níbí yìí ni ẹ máa ti sọ pé, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, London lẹ̀ ń sọ, Ìlá la wà. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sílé, ṣùgbọ́n ká yà ní Ilé-Ifẹ̀ ná. Láti ọdún 1989 ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bá ilé ìwòsàn ńlá yunifásítì náà àti Yunifásítì Kuopio ní orílẹ̀-èdè Finland dòwò pọ̀, tí wọ́n sì ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìwòsàn fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. MINPHIS ni wọ́n wá sọ ọ́. Ìpínlẹ̀ wa yìí ni, kó tó di pé ọ̀pọ̀ lára wa fojú kan kọ̀ǹpútà rí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nílé ìwòsàn jẹ́ àlejò lọ́dọ̀ wa. Ohun tí àwọn ará Ifẹ̀ sì kọ́kọ́ mú ni àkọsílẹ̀, torí kọ̀ǹpútà kò lè kìlọ̀ lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú rẹ̀. Bí fáìlì aláìsàn kò bá ní ọjọ́ orí nínú, ẹ̀rọ tó gbọ́n jù lọ láyé á kàn jókòó ni.

Àwọn dókítà Amẹ́ríkà yẹn tún ṣe ìwádìí kejì, èyí ló sì wú wa lórí jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníròyìn kì í sọ ọ́. Ọdún 2009 ni wọ́n gbé e jáde. Ilé ìwòsàn 25, aláìsàn 2,493. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò lo kọ̀ǹpútà. Òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kan ló ń ro máàkì náà, òun ló sì ń ké sí dókítà fúnra rẹ̀ pé, ‘Dókítà, ẹni yìí wà nínú ewu, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan.’ Àwọn tí wọ́n dènà ẹ̀jẹ̀ dídì fún lọ láti ìdá 21 sí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká má parọ́, iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dì fún kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lópin rẹ̀: ìdá 2.7 àti ìdá 3.4. A ò tà á fún yín bí àgbo gbogboǹṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀: ohùn èèyàn lásán ló gbé dókítà dìde bẹ́ẹ̀. Èèyàn ò wọ́n wa ní Ìlá.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ tó gbé wa wá. Ẹgbẹ́ ti dá owó fún ẹ̀bùn ọdún kẹwàá sí ilé ìwòsàn, ìpàdé ńlá ló sì máa pinnu ohun tí a máa fi ṣe. Àwọn kan ní ká kọ́ géètì tí orúkọ ẹgbẹ́ máa wà lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ká ra kọ̀ǹpútà márùn-ún, ká ya fọ́tò níwájú wọn. A bọ̀wọ̀ fún àwọn tó mú àbá méjèèjì wá, ojúgbà wa ni wọ́n. Ti géètì, géètì kò tíì wo ẹnikẹ́ni sàn rí. Ti kọ̀ǹpútà, a ti dé ọ́fíìsì kan tí wọ́n fún ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta: aṣọ ni wọ́n fi bò wọ́n, eruku sì ti wọ abẹ́ aṣọ náà, torí kò sí iná, kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tàn wọ́n.

Àbá tiwa ni pé kí kọ̀ǹpútà kẹ́yìn. Ohun àkọ́kọ́ ni bébà pupa kan ṣoṣo, tí a máa tẹ̀ ní èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, tí a máa so mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì gbogbo àgbàlagbà tó bá gba bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì á ro máàkì rẹ̀ ní ọjọ́ tí aláìsàn wọlé, á tún un rò ní ọjọ́ kẹta, torí ẹni tó ń rìn lọ́jọ́ Ajé lè má lè dìde mọ́ ní Ọjọ́rú. Dókítà ilé ìwòsàn ló máa wo ìṣirò náà, kó tún un ṣe bó bá ṣe bá àwọn aláìsàn wa mu, torí kò yẹ kí ti Boston bo ìyá ọmọ tuntun tàbí fòníkú-fọ̀ladìde mọ́lẹ̀. Lórí bébà kan náà, ìlà kan gbọ́dọ̀ wà tó ń béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ń ya lára ẹni náà, bóyá ó ní ọgbẹ́ inú, bóyá rọpárọsẹ̀ tó ṣe é wá láti inú ẹ̀jẹ̀ tó ya sínú ọpọlọ. Abẹ́rẹ́ tó ń gba ẹnì kan là lè pa ẹnì kejì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ọ̀rọ̀ tí a sọ lónìí lọ ra á ní kẹ́míìsì fún ìyá rẹ̀.

Èkejì ni owó abẹ́rẹ́, àwa sì gbà pé òun ló wúwo jù. Ìkìlọ̀ tí oògùn kò tẹ̀ lé, ẹ̀dùn ọkàn ló ń dá sílẹ̀. Ẹbí ló ń rá oògùn lọ́dọ̀ wa, ẹbí tó sì ti san owó iṣẹ́ abẹ máa ń sọ pé kí abẹ́rẹ́ ‘tí kò wo nǹkan kan sàn’ dúró ná. A fẹ́ kí ẹgbẹ́ ní àpò kan tí a fi ra abẹ́rẹ́ sílẹ̀ sínú ilé oògùn ilé ìwòsàn, kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí dókítà bá kọ ọ́, kí ẹbí máa dá owó náà padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan ò ní dá a padà. A ti fi ìyẹn sínú ìṣirò.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bí a bá rí i pé wọ́n ń kọ bébà náà lóòótọ́, a máa wá ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan pẹ̀lú iná sólà tirẹ̀, ká gbé ohun tó wà lórí bébà sínú rẹ̀, kó máa fi orúkọ bẹ́ẹ̀dì tó pé máàkì 4 hàn láràárọ̀. Ẹ̀rọ kì í gbàgbé, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í lọ ìsìnkú. A fẹ́ ẹ, a ò fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kó bá àṣà tó ti wà nílẹ̀, kó máa ràn án lọ́wọ́.

Kí ìyẹn tó dé, ẹ̀yin ẹbí ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá gbé èèyàn yín lọ sí ilé ìwòsàn èyíkéyìí, kódà bó jẹ́ ní Òṣogbo tàbí Ìbàdàn, ẹ bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: ‘Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ lè dì fún un?’ Kì í ṣe àrífín. Bí wọ́n bá ní kó dìde rìn, ẹ má ṣe bẹ̀bẹ̀ fún un pé kí ó sinmi. Ìyá ọmọ tuntun tí à ń kẹ́ sórí ẹní fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ jẹ́ kó rìn yí ká ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí ìbímọ, ẹ má fi òrí tàbí àdí ra á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́, torí ọwọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ lè já ìṣù náà kúrò níbi tó wà. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Bí èémí bá ṣàdédé gé, tí àyà ń dùn ún, tàbí tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ewu náà kì í sì í tán lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó máa lọ sílé. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ òfuurufú padà sí òkè òkun lọ́sẹ̀ yìí náà, ẹ máa dìde na ẹsẹ̀.

Àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn tí a bá sọ̀rọ̀ nínú ìlú ti gbà ká dán bébà pupa náà wò ní wọ́ọ̀dù méjì, wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ àti ti àwọn ìyá ọmọ. Ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wa ni èèyàn. Wọ́n fẹ́ ẹni méjì láràárọ̀ tó ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ àkọsílẹ̀ tàbí iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò rí, tó mọ bí a ṣe ń pa àṣírí aláìsàn mọ́, tó máa wo bébà ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì ké sí dókítà lórí èyí tó bá pé 4. Ọjọ́ méje nínú ọ̀sẹ̀, ẹni méjì lójúmọ́, mẹ́rìnlá nìyẹn. Ìwé náà wà lórí tábìlì tí wọ́n ti ń pín búrọ́ṣọ̀ yìí. Orúkọ mẹ́sàn-án ló ti wà níbẹ̀, méjì nínú wọn sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n wa. A ṣì ń wá márùn-ún.